Láíkìn Inú Àpò Bébà

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá bá òbí yín gun òkè Blue Ridge, ẹ wo ara àpáta. Rock gnome lichen ń hù láàárín kùrukùru ibẹ̀: olú àti ewéko tíntìntín tí wọ́n jọ ń gbé bí ẹni kan. Òfin Amẹ́ríkà ti ń dáàbò bò ó láti 1995, nítorí kòkòrò tó ti Yúróòpù wá ń pa igi tó ń ṣíji bò ó, àwọn èèyàn náà sì ń kó o.

A kì í tẹ láíkìn pẹrẹsẹ bí ewé. Inú àpò bébà ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọn a kọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n rí i sára rẹ̀. Bí àpáta bá ṣófo lónìí, àpò yẹn ni ẹlẹ́rìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu tiyín wá sí kíláàsì o! Fọ́tò ti tó.