Ìdámọ̀, Àwòrán àti Orúkọ: Ẹ̀gà Ẹlẹ́nu Pupa ní Etí Odò Rima ní Sókótó

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò. Ní agbègbè ìlú Sókótó, òwe yìí kọjá àkàwé. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì wà láàrin gíráàmù 15 sí 26. Bí ó ti kéré tó yìí, ọ̀wọ́ rẹ̀ lè sọ oko jéró di pòròpórò lásán láàrin ọjọ́ díẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Quelea quelea. Linnaeus ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1758. Àwọn Hausa ń pè é ní jan baki, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹnu pupa. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìròyìn nípa rẹ̀ sí èdè Yorùbá lè sáré mú ológoṣẹ́, tàbí kí ó kàn kọ ọ́ ní ẹyẹ oko. Èkíní ṣi ni lọ́nà, èkejì kò sì sọ ohunkóhun.

Kókó tí iṣẹ́ yìí dá lé ni pé ìdámọ̀, àwòrán àti orúkọ kò ṣeé yà nípa. Ẹni tí kò mọ àmì tí ojú rẹ̀ ń wá kò lè ya àwòrán tí yóò jẹ́ ẹ̀rí. Ibi tí kò bá sì sí ẹ̀rí, orúkọ kò lè fìdí múlẹ̀.

Ibùgbé àti Ìṣe Ẹyẹ Náà

Sókótó jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí omi. Odò Rima àti odò Sókótó pàdé nítòsí ìlú náà, ilẹ̀ àkúrọ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní fàdámà sì tẹ́ lọ rẹrẹ ní etí wọn. Èso wẹ́wẹ́ koríko ni oúnjẹ ẹyẹ yìí gan-an. Nígbà tí èyí bá wọ́n, tàbí tí jéró, ọkà bàbà àti ìrẹsì bá ń gbó nítòsí, ni ó ń yà sí oko. Ẹyọ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 10 lójúmọ́. Bí mílíọ̀nù kan bá sọ̀ sí àdúgbò kan, oúnjẹ òòjọ́ wọn yóò tó tọ́ọ̀nù 10.

Peter Ward, ẹni tí ó ṣe ìwádìí lórí ẹyẹ yìí ní apá Adágún Chad, tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Ó ṣàlàyé pé ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ìyàn máa ń mú ẹyẹ náà, nítorí pé èso koríko tí ó wà nílẹ̀ yóò hù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sí ohun tí wọn yóò ṣà jẹ mọ́. Ẹyẹ náà yóò kó ọ̀rá sára, yóò sì fò la àgbègbè òjò náà kọjá lọ sí ibi tí òjò ti rọ̀ ṣáájú, tí koríko tuntun ti so. Òjò tí ń mú inú àgbẹ̀ dùn ni ó ń lé ẹyẹ kúrò nílé.

Àwọn Àmì Ìdámọ̀

Láti òkèèrè, ọ̀wọ́ ẹyẹ yìí dàbí èéfín tí afẹ́fẹ́ ń darí. Bí wọ́n bá ń jẹ nílẹ̀, àwọn tí ó wà lẹ́yìn a máa fò kọjá lórí àwọn tí ó wà níwájú, tí gbogbo ọ̀wọ́ náà yóò fi máa yí lọ bí ìgbì omi.

Nítòsí, àgógó ẹnu rẹ̀ ni àmì tí ó ṣe kókó: ó kúrú, ó nípọn, ó sì pupa bí ata tí ó pọ́n. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ koríko gbígbẹ, pẹ̀lú ilà dúdú ní ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń pa ẹyin, ojú akọ a máa dúdú bí ẹni tí ó dé ìbòjú, àwọ̀ olómi osùn tàbí ti ìyeyè yóò sì yí i ká. Àgógó ẹnu abo, ní àsìkò kan náà, a máa di àwọ̀ ìyeyè.

Ẹyẹ méjì lè tan ni jẹ. Èkíní ni Euplectes franciscanus, tí akọ rẹ̀ máa ń pọ́n bí iná lásìkò òjò, ṣùgbọ́n tí ó ń wọ aṣọ rẹ́súrẹ́sú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgógó ẹnu tirẹ̀ kì í pupa nígbà náà. Èkejì ni Lagonosticta senegala, tí ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ pupa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara akọ rẹ̀ pẹ̀lú pupa, ó kéré jù, méjì-méjì tàbí díẹ̀-díẹ̀ ni wọ́n sì ń rìn nínú ọgbà ilé.

Yíya Àwòrán Rẹ̀

Omi ni ó ń tú àṣírí ẹyẹ yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n a máa wá mu omi ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ayàwòrán níláti ti jókòó kí wọ́n tó dé, kí ó fi ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú omi. Bí oòrùn bá ti mú, ooru tí ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ yóò ba àwòrán jẹ́. Eruku ọyẹ́ náà a sì máa pa àwọ̀ dà. Lẹ́ǹsì tí ó tó mìlímítà 400 dára, kí ojú ẹ̀rọ sì ṣí kí ó pa dé láàrin ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé wọn kì í dúró pẹ́.

Oríṣi àwòrán méjì ni ó pọn dandan. Àkọ́kọ́ ni ti ẹyọ ẹyẹ kan ní etí ọ̀wọ́, ní ẹ̀gbẹ́, kí àgógó ẹnu àti ojú lè hàn kedere. Èkejì ni ti gbogbo ọ̀wọ́: a lè pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, kí a ka ẹyẹ inú díẹ̀ nínú wọn, kí a sì fi ìyẹn ṣírò iye gbogbo rẹ̀.

Ewu Àṣìmọ̀

Àwọn ìjọba ní ìhà àríwá Nàìjíríà a máa fi bàálù fọ́n oògùn sí ibi tí ẹyẹ yìí ń wọ̀ sí lálẹ́. Fenthion, tí a ti lò púpọ̀ fún iṣẹ́ náà ní Áfíríkà, kì í ya ẹyẹ kan sọ́tọ̀. Ó ń pa ẹyẹ mìíràn tí ó bá wọ̀ sí ibẹ̀, ó sì ń pa òwìwí àti àwòdì tí ó bá jẹ òkú wọn. Bí a bá ṣi ọ̀wọ́ mú, ẹyẹ aláìṣẹ̀ yóò kú, ọ̀tá yóò sì tún padà sí oko lọ́jọ́ kejì. Àwòrán tí ó fi àgógó ẹnu hàn lè gba ẹ̀mí àti ìkórè là.

Ọ̀rọ̀ Orúkọ

Yorùbá ní ọ̀nà tí ó ń gbà sọ ẹyẹ lórúkọ. Igbe ẹyẹ fúnra rẹ̀ ni a gbọ́ nínú kòwéè. Ibùgbé ni a rí nínú ẹyẹlé, ìyẹn ẹyẹ ilé. Ológoṣẹ́ kò yẹ fún ẹyẹ Sókótó yìí, nítorí pé Bíbélì Yorùbá ti fi í dúró fún ẹyẹ mìíràn. Ẹ̀gà ni ó sún mọ́ ọn jù lọ: ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kó àwọn méjèèjì sí, akọ àwọn méjèèjì ni ó sì ń hun ìtẹ́. Bí a bá fi àmì tí àwọn Hausa rí kún un, ẹ̀gà ẹlẹ́nu pupa ni yóò jẹ́.

Ẹnìkan lè ṣàtakò pé àgógó ẹnu abo kì í pupa ní gbogbo ìgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹlé tí kò gbé ilé ẹnikẹ́ni kò yé jẹ́ ẹyẹlé. Àmì tí ó hàn jù ni orúkọ ń dì mú, kì í ṣe gbogbo ìtàn ohun tí ó ń jẹ́ ẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbẹ̀ tí ń dá jéró ni ó kọ́kọ́ mọ jan baki, kí ẹ̀rọ ayàwòrán tó dé. Ohun tí ó rí ni ó sọ, ohun tí ó sọ náà sì ni àwòrán wá jẹ́rìí sí. Ọ̀nà kan náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè tọ̀: kí ó rí ohun kí ó tó túmọ̀ rẹ̀.