Àlùfáà inú eré Dungeons & Dragons: kí ló dé tí agbára rẹ̀ ṣòro wọ̀n?

Lọ́dún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ta á á jókòó yí tábìlì ká, kálukú á sọ ohun tí ẹ̀dá inú ìtàn tirẹ̀ fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i. Ẹnìkan lè jẹ́ jagunjagun, ẹlòmíì àlùfáà.

Ìjà ló bí àlùfáà yìí. Kí ìwé eré náà tó jáde rárá, ẹnìkan nídìí tábìlì Arneson ti di òkú amùjẹ̀ tó ń jẹ́ Sir Fang, apá kò sì ká a mọ́. Wọ́n bá dá àlùfáà sílẹ̀ láti máa lé irú òkú bẹ́ẹ̀. Kí òun náà má baà lágbára jù, wọ́n ní kùmọ̀ ni kó mú, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan idà. Ní ìpele kìn-ín-ní, kò tiẹ̀ ní ọfọ̀ kankan.

Wọ́n tún di ìwòsàn lé e lórí, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ta ló máa fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé rẹ̀ di egbò ẹlẹ́gbò, nígbà tí àwọn yòókù ń bẹ́ dírágónì lórí? Nígbà tí ẹ̀dà kẹta dé lọ́dún 2000, wọ́n jẹ́ kó lè sọ ọfọ̀ mìíì tó ti múra sílẹ̀ di ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ó ti wọ ẹ̀wù irin tẹ́lẹ̀. Tó bá wá pe ọfọ̀ sára ara rẹ̀, ó lè jà ju jagunjagun lọ. Ìpẹ̀ ti di ojúsàájú.

Lójú tèmi, ohun tí ìwòsàn ń gbà lọ́wọ́ ẹni nígbà tó bá kàn án ló yẹ ká wò. Nínú ẹ̀dà ọdún 2014, ẹni tó kàn lè ṣe iṣẹ́ ńlá kan àti iṣẹ́ kékeré kan. Iṣẹ́ ńlá ni Cure Wounds, àfi kó fọwọ́ kan ẹni tó fara gbọgbẹ́, dáìsì olójú mẹ́jọ ló ń sọ iye ẹ̀mí tó máa dá padà. Iṣẹ́ kékeré ni Healing Word: láti ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, pẹ̀lú dáìsì olójú mẹ́rin, á gbé ẹni tó ṣubú dìde, á sì ṣì ráyè la kùmọ̀ mọ́ ọ̀tá.

Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta á tètè gbọ́n jù ú lọ. Wọn kì í wo ẹnikẹ́ni sàn mọ́ títí yóò fi ṣubú. Ní 2024, wọ́n sọ dáìsì méjèèjì di méjì-méjì. Kò tíì tó. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ku oókan péré ṣì ń jà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ̀yin tó ń ṣe eré tiyín, òfin yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kí ẹ tó fi kún agbára àlùfáà.