Àníyàn àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn ní Àkókò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá gba ayé kan, kì í ṣe ara nìkan ni ó ń bá fínra. Ó ń dààmú ọkàn àwọn tí kò tilẹ̀ kó o. "Ìdààmú ọkàn" ni Yorùbá sáábà máa ń pe gbogbo ìnira bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tó fún ìtàkurọ̀sọ, ṣùgbọ́n kò tó fún ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí pé ó da ohun méjì pọ̀ tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀.

(i) Àníyàn: Ọjọ́ iwájú ni àníyàn ń wò. Ẹni tí ó ń ṣe ń retí aburú tí kò tíì dé. Àyà rẹ̀ ń já, kò rí oorun sùn, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀.

(ii) Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: Ní ti èyí, ìrètí gan-an ni ó kú. Ohun tí ó máa ń wu ènìyàn kò wù ú mọ́. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́. Ó sì ń ka ara rẹ̀ sí ẹni tí kò wúlò. Ìbànújẹ́ ọjọ́ kan kọ́ ni: ó gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí oníṣègùn tó pè é ní àìsàn.

Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Bìrìtéènì ní àkókò àrùn Kòrónà fi hàn pé ìrìn àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ní ìparí ọdún 2019, Office for National Statistics, àjọ ìṣirò ìjọba ilẹ̀ náà, rí i pé nǹkan bí 21 nínú 100 àgbàlagbà ni àníyàn wọn ga. Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, nígbà tí ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, iye náà fò sókè dé nǹkan bí 50. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti ń wálẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí àmì rẹ̀ hàn lára wọn jẹ́ nǹkan bí 10 nínú 100 kí àrùn tó dé. Wọ́n di 19 ní oṣù Òkúdù ọdún 2020, wọ́n sì di 21 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Ọ̀pẹ tí ó ṣáájú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2021, wọ́n ṣì jẹ́ 17.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí ewu bá pẹ́ títí, ó ń mọ́ ènìyàn lára, ẹ̀rù rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó bọ́, òkú tí ẹbí kò lè péjọ sin, àti oṣù tí ènìyàn fi dá wà nínú yàrá, ńṣe ni wọ́n ń gun orí ara wọn.

Fún ògbufọ̀ tí ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè ilé ìwòsàn fún àwọn Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí ó bá fi "ìdààmú ọkàn" túmọ̀ méjèèjì, ìyá tí ẹ̀rù àrùn kò bà mọ́ yóò dáhùn pé "rárá". Wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí ara rẹ̀ dá, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí oúnjẹ kò ti wù ú. Bí ó bá sì lo "àrùn ọpọlọ", wèrè ni yóò sọ sí ìyá náà lọ́kàn, yóò sì sá fún ìbéèrè. Nítorí náà, ó yẹ kí "àníyàn" dúró fún ti àkọ́kọ́, kí "ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn" dúró fún ti èkejì, kí "ìdààmú ọkàn" sì jẹ́ orúkọ àpapọ̀ tí ó kó méjèèjì mọ́ra. Ìgbà náà ni aláìsàn yóò lè sọ èyí tí ń ṣe òun.