Ṣé o mọ̀? Àrà inú háyà ilé onítáyà

Ṣé o mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ tí èèyàn fi ń wa Camry lọ síbi iṣẹ́ náà ló tó fi wa ilé onítáyà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30? RV ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì wà, fíríìjì, ṣáwà àti ṣaláńgá pẹ̀lú. Ẹni tí kò wa ohun tó ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ rí á wọ ọgbà iléeṣẹ́ tó ń fi í háyà, wọ́n á fi fídíò hàn án, òṣìṣẹ́ kan á mú un yí ọkọ̀ náà ká, á buwọ́ lùwé, á gba kọ́kọ́rọ́, ó di títì. Nílùú Ọba, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yege ìdánwò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1997 wá kò gbọdọ̀ wa RV tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ, àfi tó bá tún ìdánwò mìíràn ṣe. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún lè wa èyí tó tóbi. Ọmọ rẹ̀ tó lágbára jù ú lọ á jókòó ti bàbá.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan yìí ti pẹ́? Ní 1910, iléeṣẹ́ Pierce-Arrow pàtẹ ọkọ̀ kan ní Madison Square Garden ní New York, Touring Landau lorúkọ rẹ̀. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tẹ́ bíi bẹ́ẹ̀dì, báàsìnì ìfọwọ́ ń ṣí jáde láti ẹ̀yìn àga dírẹ́bà, póò wà fún ẹni tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá gbọ̀n, tẹlifóònù sì wà tí ọ̀gá fi ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣáájú ìgbà náà, ní 1885, dókítà ọmọ Scotland kan, Gordon Stables, ti ní kí wọ́n kan ilé onígi tí ẹṣin méjì ń fà fún òun ní Bristol. Wanderer ló sọ ọ́. Ìránṣẹ́ rẹ̀ a máa gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ níwájú, kó lè kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti yí RV padà lójú ọ̀nà tóóró rí á gbà pé irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wúlò.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti owó. Ní New Zealand, èèyàn lè rí RV háyà ní dọ́là kan péré lóòjọ́, kò sì sí jìbìtì ńbẹ̀. Àwọn àlejò a máa balẹ̀ sí Auckland ní àríwá, wọ́n á wakọ̀ la erékùṣù méjèèjì kọjá, wọ́n á já ọkọ̀ sílẹ̀ ní Christchurch, wọ́n á sì wọ bàálù lọ sílé. Bó bá yá, ọkọ̀ á kún Christchurch, Auckland á sì máa wá èyí tí yóò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Bí dírẹ́bà tó já èrò sí Ìbàdàn kì í ṣe é fẹ́ padà sí Èkó lófìfo, ó ń wá ẹni tó máa gbé láìka iye tí onítọ̀hún ní sí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ yìí ṣe yáa ń gbé ọkọ̀ fún ẹni tó bá ń lọ sápá Auckland. Wọ́n tiẹ̀ lè bá a san owó ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e sọdá Cook Strait, omi tó wà láàárín erékùṣù méjèèjì. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n máa ń fúnni, torí náà ẹni tó bá fẹ́ dúró wo òkè àti adágún kó lọ san iye tí àwọn yòókù ń san.

Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú RV ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ háyà wà ní Los Angeles àti Las Vegas. Bí ìgbà òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ kan a máa pe ará ìlú wá kó ọkọ̀ tuntun láti ilé tí wọ́n ti rọ ọ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ní ẹ̀dínwó gidi.

Ṣé o mọ̀ pé aládàáni náà ń fi tirẹ̀ háyà? Ọ̀pọ̀ RV ló jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń wà jálẹ̀ ọdún, owó bánkì ò sì dúró dè wọ́n. RVshare bẹ̀rẹ̀ ní Ohio ní 2013, Outdoorsy dé ní 2015; iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n so ẹni tó lọ́kọ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tó fẹ́ yá a. PaulCamper ti Jámánì gba orúkọ lára ọkọ̀ ẹni tó dá a sílẹ̀: Paul ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ìbánigbófò tí onílé ní lórí ọkọ̀ rẹ̀ sábà máa ń já sófo tó bá ti lè gbowó lọ́wọ́ àlejò. Ìdí nìyẹn tí àwọn alárinà yìí fi ń mú ìbánigbófò tiwọn wá. Bí onílé bá wá ní kí ẹ ṣe é ní kọ̀rọ̀, kí owó kọmíṣọ́ọ̀nù má bàa lọ, má dá a lóhùn.

Lójú tèmi, ti aládàáni dùn ún gbé jù: ìkòkò, ìrọ̀rí àti ṣíbí ti sábà máa ń wà ńbẹ̀, ohun tí iléeṣẹ́ máa ń gbowó ọ̀tọ̀ lé. Àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú sójú aṣálẹ̀, iléeṣẹ́ lè ní òmíràn tó máa fi pààrọ̀. Ẹyọ kan ni aládàáni ní. Ẹni tó bá sì fẹ́ din ẹja nínú ilé onílé, kó bèèrè kó tó gbé páànù kaná.

Ìwé àdéhùn ni kó o kà dáadáa. Kò sí òfin kan nínú rẹ̀ tí kò ní ẹni tó fà á. Àwọn iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọn wọ aṣálẹ̀ Death Valley ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ooru 56.7°C ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1913. Ọ̀pọ̀ ló kọ̀ kí wọ́n gbé RV wọn lọ síbi àjọ̀dún Burning Man ní Nevada, nítorí eruku funfun ibẹ̀ tó ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀, tó sì ń jẹ irin. Ní Australia, àdéhùn mìíràn sọ pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, o ò gbọdọ̀ wakọ̀ kúrò nígboro, torí kangaroo. Iceland ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ń ta ìbánigbófò iyanrìn àti eérú òkè ayọnáyèéfín lọ́tọ̀, ẹni tó bá sì ṣílẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ fà á ya sábà máa ń sanwó rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Òrùlé lewu ju eruku lọ. Ní Durham, North Carolina, afárá ọkọ̀ ojú irin kan wà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 8 péré tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ háyà lóríṣiríṣi ló ti ṣí òrùlé sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí ará àdúgbò kan fi gbé kámẹ́rà tì í tí gbogbo ayé fi ń wò ó. Ní 2019 wọ́n gbé afárá náà sókè ní íǹṣì 8. Àwọn ọkọ̀ ṣì ń kọlù ú. Ọ̀pọ̀ ìbánigbófò háyà ni kì í sì í bo òrùlé, nítorí náà kọ gíga ọkọ̀ sórí bébà, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú síárìn.

Gáàsì ìdáná náà ní ọ̀nà tí kì í gbà. Sílíńdà tí gáàsì inú rẹ̀ bá ju pọ́ùn 10 lọ kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà abẹ́ omi méjèèjì tó wà ní Baltimore.

Ó ku ṣaláńgá. Táǹkì omi ìdọ̀tí méjì ló wà lábẹ́ RV: omi ṣáwà àti omi ìfọwo ń lọ sí èyí tí wọ́n ń pè ní eléérú, ti ṣaláńgá ń lọ sí dúdú. Tó o bá dé ibi tí wọ́n ń da ẹ̀gbin sí, wọ ìbọ̀wọ́, so rọ́bà mọ́ ẹnu ihò, kó o kọ́kọ́ ṣí dúdú. Ìgbà tó bá dá lo máa wá ṣí eléérú, kí omi ọṣẹ lè ṣan inú rọ́bà. Àṣìṣe tí àwọn ẹni tuntun máa ń ṣe ni pé tí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, wọ́n á fi ẹnu dúdú sílẹ̀ ní ṣíṣí, kó lè máa ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Omi nìkan ló máa ṣàn lọ. Ìyókù á dì síbẹ̀ bí òkìtì, iléeṣẹ́ á sì gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ.

New Zealand tiẹ̀ sọ ọ́ dòfin ní 2023: RV tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé ó dá dúró gbọ́dọ̀ ní ṣaláńgá tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, tó ṣeé lò kódà tí wọ́n bá ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí wọ́n ń tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń fà yọ tó bá di dandan, kò tó mọ́.