Bí A Ṣe Ń Sẹ́ Omi fún Ẹja Epìyà Nínú Táńkì

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ̀yin ọmọ Ọlálọmí, ẹja epìyà kì í ṣe àlejò nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ó wà nínú Odò Ọya, ó sì wà nínú adágún Káńjì tí a sé ní 1968. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú yín ti mọ táńkì símẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ sì ń fẹ́ láti máa sin ẹja náà fúnra yín. Àwọn tí ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí a máa ráhùn pé: “Ẹja mi kò ṣàìsàn. Mo fún wọn ní oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti léfòó.” Nítorí irú òfò bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ìwé kékeré yìí.

Epìyà jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé ẹja tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cichlid. Ìdílé náà gbilẹ̀ púpọ̀ ní Áfíríkà. Nínú adágún Màláwì nìkan, oríṣi wọn ju 500 lọ. Ní òkè òkun, àwọn ènìyàn a máa sin wọ́n nínú táńkì gíláàsì nínú pálọ̀ nítorí ẹwà àwọ̀ wọn. Ìbáà ṣe táńkì gíláàsì fún ìwòran, ìbáà ṣe táńkì símẹ́ńtì fún ọbẹ̀, òfin kan náà ni ó de omi wọn.

OHUN TÍ Ń PA ẸJA

Omi odò ń ṣàn, ó sì ń gbé ẹ̀gbin lọ. Omi táńkì dúró sójú kan. Ẹja a máa tú amóníà sínú omi bí ó ti ń mí. Ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a sì máa di amóníà bí wọ́n ti ń jẹrà. Májèlé ni amóníà, kò sì ní àwọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú lásán wọn ìmọ́tótó omi.

Àwọn kòkòrò àìrí oríṣi méjì ni ó lè gbà wá. Èkíní ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé; èkejì ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ara òkúta ni wọ́n fẹ́ràn láti máa gbé, wọn kò sì lè yè láìsí afẹ́fẹ́ nínú omi. Asẹ́ ògì ń gba eèrí nìkan. Asẹ́ tiwa ń gba ìdọ̀tí, ó sì tún jẹ́ ilé fún àwọn kòkòrò wọ̀nyí.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ ASẸ́

Kí a mú táńkì tí ó gùn ní mítà 3, tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1 ṣe àpẹẹrẹ. Yóò gba omi 6,000 lítà. Bí símẹ́ńtì rẹ̀ bá jẹ́ tuntun, ẹ pọn omi sí i, ẹ dà á nù, ẹ sì tún un ṣe fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí oró símẹ́ńtì lè jáde.

Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù oníke méjì tí ó ń gba 200 lítà, ẹ sì gbé wọn sí ibi tí ó ga ju táńkì lọ. Kí póńpù fa omi láti ìsàlẹ̀ táńkì lọ sínú dúrọ́ọ̀mù kìíní, níbi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò ti silẹ̀. Láti òkè rẹ̀, kí páìpù gbé omi lọ sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù kejì, tí a ti kó òkúta wẹ́wẹ́ tí a fọ̀ sí. Omi yóò gba àárín òkúta gòkè, yóò sì já bọ́ sínú táńkì, yóò sì máa kó afẹ́fẹ́ bí ó ti ń já bọ́. Kí póńpù náà lè gbé 3,000 lítà ní wákàtí kan.

Asẹ́ tuntun kò tíì ní agbára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó gbà kí àwọn kòkòrò náà tó pọ̀ tó. Ẹ kó ẹja díẹ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó fi ìyókù kún un.

IYE ẸJA

Nínú táńkì yìí, 60 ẹja tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé mọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì. Akọ epìyà náà kò kẹ̀rẹ̀, nítorí a máa gba ilẹ̀, a sì máa lé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ra ẹja tí ó dọ́gba, ẹ sì fi àpáàdì ìkòkò sí ìsàlẹ̀ fún èyí tí ó bá ń sá. Abo a máa pa ẹyin àti ọmọ mọ́ sí ẹnu, a sì máa bí léraléra títí táńkì yóò fi kún fún ẹja kéékèèké tí kò tó jẹ. Nítorí náà akọ nìkan ni ó dára jù.

ÌTỌ́JÚ

Ẹ fún wọn ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́; èyí tí wọn kò bá jẹ tán ní ìṣẹ́jú 10 ti pọ̀ jù. Nígbà ọyẹ́, tí omi bá tutù, ẹ dín in kù. Ẹ pààrọ̀ ìdá márùn-ún omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ má fún wọn ní oúnjẹ, ẹ máa fi garawa bu omi, kí ẹ sì máa dà á padà láti òkè. Bí ẹja bá ń yọ ẹnu sókè ní ìdájí, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti ṣàṣìṣe rí. Mo fi omi ẹ̀rọ tí ó ní kilorínì fọ òkúta asẹ́ títí ó fi ń dán. Mo rò pé ìmọ́tótó ni. Gbogbo kòkòrò rere ni mo pa. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti sin ju ìdajì ẹja mi. Omi inú táńkì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣan òkúta náà, kí ẹ má sì fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí ohun kan bá rú yín lójú, ẹ tọ òṣìṣẹ́ ẹja tí ó wà ní agbègbè yín lọ kí ẹ tó náwó. Ẹni tí ó bá tọ́jú omi, omi ni yóò bá a tọ́jú ẹja.