Èémí Abẹ́ Dongoyárò

Ọ̀sán ò tíì pọ́n, ṣùgbọ́n ní 1000 Housing Estate, ní Maiduguri, àwọn èèyàn ti ń gbé àga sábẹ́ dongoyárò. Oòrùn Borno kò gba gbẹ̀rẹ́. Òjò rọ̀ mọ́jú, iyanrìn ṣì tutù. Bí mo ṣe ń gba abẹ́ òjìji kọjá, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, àwọn lébìrà ń gbẹ́ kòtò páìpù omi. Ṣọ́bìrì wọn ti já gbòǹgbò dongoyárò kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́. Mo lóṣòó tì í. Àwọn wẹ́wẹ́ tó yọ lára rẹ̀ ni mo fẹ́ rí: orí wọn funfun, wọ́n rọ̀, iyanrìn sì lẹ̀ mọ́ wọn pinpin. Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà náà fi Hausa bi mí pé kí ni mo ń wá. Mo ní ibi tí igi ti ń mí ni. Ó ní ewé ló ń mí, pé omi ni gbòǹgbò ń mu ní tiẹ̀.

Gbòǹgbò ń mí o. Ewé máa ń fi oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì ṣe ṣúgà, ṣúgà náà á gba abẹ́ èèpo igi sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn ni gbòǹgbò ń lò láti rí agbára dàgbà, afẹ́fẹ́ tó wọlé látòkè á sì gba àárín iyanrìn jáde padà. Díẹ̀ nínú ṣúgà náà ń jò sínú erùpẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí àti olú tó ń bá gbòǹgbò gbé á jẹ ẹ́, àwọn náà á mí tiwọn.

Ní igbó páìnì kan ní àríwá Sweden, Peter Högberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bó èèpo igi yípo kí ṣúgà má lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2001 ni wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Láàárín ọjọ́ 5, afẹ́fẹ́ tó ń ti ilẹ̀ jáde ti dín kù, ó tó 37% níbòmíràn. Kí oṣù kan sí méjì tó pé, ó ti fi nǹkan bí 54% dín. Ọ̀pọ̀ wa ti rò pé ewé jíjẹrà ló ni èémí ilẹ̀ igbó, àṣé oúnjẹ tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ sè lókè ló ni èyí tó pọ̀ níbẹ̀.

Ti ìhín tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Ilẹ̀ Maiduguri máa ń gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 1958, H. F. Birch, tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, ṣàlàyé pé bí omi bá kan erùpẹ̀ tó ti gbẹ, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á jí, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì á sì tú jáde lójijì. Èémí àkọ́rọ̀ òjò, ti àwọn kòkòrò yìí ni. Ṣùgbọ́n tí ọ̀dá bá dé, gbòǹgbò dongoyárò tó ti wọlẹ̀ jìn ṣì ń rí omi mu nígbà tí òkè ilẹ̀ ti gbẹ.

Inú mi kò dùn nígbà tí mo dé ìdí kùkùté dongoyárò kan lẹ́yìn ilé kejì. Igi ìdáná ni wọ́n fi ìyókù ṣe. Ewé igi tó wà láàyè ń gba irú afẹ́fẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ ń tú sílẹ̀. Èyí tó bá kú, gbòǹgbò rẹ̀ á máa jẹrà, ewé kankan ò sì ní sí níbẹ̀ láti gbà á. Ṣùgbọ́n kùkùté yìí ti ń rú, ẹ̀ka tútù ti yọ yí i ká. Bàbá onílé fẹ́ hú u. Mo bẹ̀ wọ́n pé gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì kú. Wọ́n ní kò burú, àwọn á fi ẹ̀ka méjì tó lágbára jù sílẹ̀, àwọn á gé ìyókù.