JẸ́SÌ TÓ NÍ ẸLẸ́RÌÍ

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀rọ̀ jẹ́sì bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò lónìí. Olójà kan ní Warri níbí lè na ẹ̀wù kan sókè, kí ó ní Okocha gan-an ló wọ̀ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù, kí ó sì bu owó gọbọi lé e. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Àṣà kíkó ohun tí gbajúmọ̀ eléré lò jọ ti gbilẹ̀ nílùú òyìnbó. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì lórí yìnyín, wọ́n ń ra ọ̀pá, ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù àwọn àgbà eléré. Bí ọ̀pá bá ní àpá, tí ẹ̀wù sì ti ya tí wọ́n rán an padà, inú ẹni tó ń kó o jọ á dùn, nítorí pé àpá náà ló ń jẹ́rìí pé wọ́n lò ó lórí pápá. Ẹ̀wù tí Paul Henderson fi gba góòlù tí Kánádà fi borí Soviet ní ọdún 1972 tà ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ ní ọdún 2010. Lọ́dọ̀ tiwa, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Oríṣi jẹ́sì mẹ́ta ló wà

Èkíní ni èyí tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún àwa olólùfẹ́ eré. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ọdún 2018, èrò tò rẹrẹẹrẹ ní London láti ra jẹ́sì tuntun ti Super Eagles. Kò pẹ́ tí ayédèrú rẹ̀ fi kún ọjà ilẹ̀ wa. Èkejì ni èyí tí wọ́n pèsè fún eléré ṣùgbọ́n tí kò wọ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tó wọ̀ wọ inú pápá. Oníjìbìtì á mú èkíní, á pè é ní ẹ̀kẹta. Ìbuwọ́lùwé nìkan kò sì tó, nítorí eléré lè fọwọ́ sí ẹ̀wù tí kò wọ̀ rí.

Ta ló wọ̀ ọ́? Níbo? Ta ló rí i?

Ẹ jẹ́ ká wo ti Maradona. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, ọdún 1986, ní Mẹ́síkò, ó gba góòlù méjì wọlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ ló fi ti ọ̀kan. Lẹ́yìn eré, òun àti Steve Hodge pààrọ̀ ẹ̀wù. Nígbà tí Hodge fẹ́ tà á ní ọdún 2022, ọmọ Maradona kan ní ti abala kìíní ni, bẹ́ẹ̀ abala kejì ni góòlù méjèèjì wọlé. Àwọn Sotheby's tó fẹ́ bá a tà á fi ẹ̀wù náà wé àwòrán ọjọ́ náà: bí àmì àyà ṣe rí, bí ìlà ara aṣọ ṣe lọ, bí nọ́ńbà 10 ṣe jókòó. Kánjúkánjú ni wọ́n ra àwọn ẹ̀wù náà ní Mẹ́síkò tí wọ́n fi àmì àti nọ́ńbà sí i lára, ó sì ṣòro kí méjì bára mu délẹ̀. Wọ́n tà á ní mílíọ̀nù méje pọ́n-ùn ó lé.

Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí èyí. Ẹ̀wù egúngún tí ìdílé jogún níyì nítorí pé àgbà ilé lè sọ ẹni tó dá a àti ẹni tó gbé e.

Ohun tó kàn wá

Kaduna ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí, bí wọ́n ti bí púpọ̀ nínú wa sí Warri. Ira ní ìpínlẹ̀ Kwara ni orírun rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ọdún 1994, ní Dallas, ó gba góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú ife àgbáyé, ó di àwọ̀n mú, ó ń ké. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ọdún 2012. Bí ẹ̀wù irú akọni bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀, òkìríkà lásán ni. Ìtàn wa ló bá a lọ yẹn.

Warri ni wọ́n bí Wilson Oruma sí, ẹni tó jẹ́ ọ̀gágun Golden Eaglets tó gba ife àgbáyé ní Jàpáánù ní ọdún 1993. Ta ló mọ ẹni tí yóò tún ti inú ọgbà wa yìí jáde? Nítorí náà, bí eléré bá bọ́ jẹ́sì fún yín, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Ìyá yín lè bínú sí ìdọ̀tí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti koríko ara rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Ẹ wá àwòrán tí eléré ti wọ̀ ọ́ lórí pápá. Ẹ kọ ọjọ́, pápá, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá àti iye góòlù sínú ìwé, kí ẹni tó fún yín fọwọ́ sí i, kí ìwé àti ẹ̀wù má sì pínyà láéláé.

Warri kì í gbẹ́yìn, ọmọ Yorùbá kì í sì í gbàgbé orírun. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀rí kó tó di wíwá. Ire o!